Igba Ìtì Igi: Ọnà Tí Ó Sin Òkú Tí A Kò Sin

Nígbà tí a bá ń kọ́ nípa ọnà, a sábà máa ń bèèrè pé: ta ni ó gbẹ́ ẹ? Irú igi wo ni? Ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí a fi kún un: ta ni ọnà náà ń sọ̀rọ̀ fún? Iṣẹ́ kan láti ilẹ̀ Ọsirélíà ni a óò fi wá ìdáhùn.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kíní ọdún 1788 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀dó sí ibi tí ó di ìlú Sydney. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi ìbọn gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀. Kì í ṣe àwọn adaran aláwọ̀ funfun nìkan ni ó pa ènìyàn. Ọwọ́ ìjọba wà níbẹ̀. Ní agbègbè Coniston, ní ọdún 1928, ọlọ́pàá kan kó àwọn ẹlẹ́ṣin lẹ́yìn, wọ́n sì pa àwọn ará Warlpiri àti àwọn tí ó múlé tì wọ́n. Ìjọba ka òkú 31. Àwọn òpìtàn gbà pé wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbìmọ̀ ìwádìí ìjọba ní àwọn apànìyàn náà kò jẹ̀bi.

Bí ìjọba ti ń múra àjọyọ̀ igba ọdún ní 1988, Djon Mundine, ọmọ ẹ̀yà Bandjalung, tí ó ń bá àwọn oníṣọ̀nà Ramingining ṣiṣẹ́ ní ìhà àríwá, dá àbá kan. Oníṣọ̀nà 43, lọ́kùnrin lóbìnrin, kun ìtì igi 200.

Kí ni ìtì igi yìí? Pósí ni. Ní ilẹ̀ wọn, lẹ́yìn tí òkú bá ti pẹ́ díẹ̀, a ó ṣa egungun rẹ̀ sínú ìtì igi tí ikán ti jẹ inú rẹ̀. A ó fi ẹfun, èédú àti amọ̀ pupa ya àmì ìdílé sí i, a ó sì gbé e nàró.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun mẹ́ta. Èkíní ni iye: ìtì kan fún ọdún kan. Èkejì ni ipò: ọ̀nà tí ó la àárín wọn kọjá dúró fún odò Glyde, ìtì ìdílé kọ̀ọ̀kan sì wà níbi tí ilẹ̀ wọn wà létí odò náà. Ẹ̀kẹta ni òfìfo: kò sí egungun nínú wọn, nítorí pé àwọn tí a ń ṣọ̀fọ̀ kò rí ẹni ṣa egungun wọn.

Kò sí àwòrán ìbọn tàbí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Wọn kò ya apànìyàn. Ìsìnkú ni wọ́n ṣe. Ibẹ̀ gan-an ni agbára iṣẹ́ náà wà.

Ẹnìkan lè wí pé ilé ọnà ìjọba ní Canberra ni ó rà á. Ǹjẹ́ ìjọba kò ti ra ẹ̀rí náà mọ́ra? Rárá o. Owó ra igi, kò ra ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ẹni tí ó bá wọ ilé náà lónìí lè gba àárín pósí kọjá. Àwọn baba wa ní aṣegbé kan kò sí, àṣepamọ́ ni ó wà. Iṣẹ́ ọnà ni láti tú ohun tí a pamọ́.