Ta ló sọ pálapàla di ẹ̀ṣẹ̀?

Oníwàásù kan ló bí mi nínú lórí rédíò. Ó ṣí Aísáyà orí 40, ó dé ibi tí wòlíì ti ní ọ̀nà pálapàla yóò di títẹ́jú, ló bá kọjú sí àwọn òtẹ́ẹ̀lì àti ilé ọtí. Ó ní ibẹ̀ ni ọ̀nà pálapàla wà. Ìjọ ṣe àmín. Alàgbà, ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ń tọ̀ ni wòlíì ń wí!

Kí ó gba títì Abẹ́òkúta sí Ìbàdàn dé Ọ̀dẹ̀dá, kí ó yà kúrò lórí ọ̀dà wọ inú oko. Àpáta níwájú, kòtò lẹ́gbẹ̀ẹ́, òkúta láàárín ẹ̀gẹ́. Àgbẹ̀ ibẹ̀ ń kọ ebè yí àpáta po ni, ebè ò lè tọ́. Ibi tí àgbẹ̀ bá sá fún, oní-kúárì á gbà á. Pálapàla gan-an nìyẹn, kò sì sí ẹlẹ́ṣẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ fetí sí ohùn ọ̀rọ̀ náà, pálapàla: ó bẹ̀rẹ̀ lókè, ó bọ́ sí àárín, ó já sí ìsàlẹ̀, ó tún pọ́n padà. Ohùn kan náà ló wà nínú págunpàgun, wúruwùru, játijàti àti kátikàti. Ohun tí kò bá tò, tí kò dọ́gba, ohùn yìí la fi ń pè é. Ìdí nìyẹn tó fi rọrùn fún pálapàla láti ti ara ilẹ̀ bọ́ sára ìwà. Àfiwé lásán ni. Wọ́n wá fi ń bá àgbèrè wí títí àlejò fi lé onílé jáde. Pàlàpálá nìkan ló yè é, òun ṣì ń gbé inú àpáta. Pàlàpálá Olúmọ ló fi àwọn Ẹ̀gbá pamọ́ nígbà ogun; ta ló pè wọ́n ní oníṣekúṣe?

Ohun tó dùn mí jù ni ti Àgùàlà, ajá òṣù, tí òun náà jẹ́ ayé olókùúta bíi tiwa. Ìkùukùu bò ó, réédà ni ọkọ̀ Magellan fi ya ojú ilẹ̀ rẹ̀ láàárín 1990 sí 1992. Ilẹ̀ òkè kan wà ní àríwá rẹ̀, Ishtar Terra, tó fẹ̀ tó Ọsirélíà. Òkè Maxwell tó wà lórí rẹ̀ ga tó nǹkan bíi kìlómítà 11, ó ju Everest lọ. Ní apá tí wọ́n ń pè ní Fortuna Tessera, ilẹ̀ hunjọ, gegele dábùú gegele. Ilẹ̀ pálapàla ló yẹ ká pè é. Ẹ wá sọ ọ́ lórí rédíò, kí ẹ rí bí àwọn olùgbọ́ yóò ṣe máa bèèrè ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀.

Mo gbà, wọ́n ti borí. Ẹni tó bá ń ṣàpèjúwe ilẹ̀ Ọ̀dẹ̀dá tàbí ti Àgùàlà báyìí, kó yáa máa wí pé págunpàgun. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin oníwàásù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Aísáyà sílẹ̀ o. Ọ̀nà ló ń tún ṣe.