TP Àkọ́kọ́ ní Sàngó Ọ̀tà: Bí A Ṣe Ń Múra fún Kíláàsì Tó Gba Gbogbo Ọmọ

TP ti ń sún mọ́lé, ọ̀pọ̀ nínú wa ló sì máa ṣe é ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè Ọ̀tà àti Sàngó. Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde ṣáájú wa mọ̀ pé ohun tí a kọ́ nínú gbọ̀ngàn kì í fìgbà gbogbo jọ ohun tí a bá nínú kíláàsì. Ẹ̀kọ́ tòní dá lórí bí olùkọ́ tuntun ṣe lè kọ́ kíláàsì tí gbogbo ọmọ wà nínú rẹ̀: èyí tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, èyí tí etí rẹ̀ wúwo, èyí tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́, àti èyí tí kò gbọ́ èdè tí a fi ń kọ́ni.

Báwo ni gbogbo wọn ṣe dé kíláàsì kan náà?

Tẹ́lẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń mú ọmọ tó bá ní ìpèníjà ara lọ. Andrew Foster, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ adití, dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960. Pacelli, ilé ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú ní Sùúrùlérè, bẹ̀rẹ̀ ní 1962. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n òbí mélòó ní Ọ̀tà ló lè máa gbé ọmọ lọ sí Sùúrùlérè lójoojúmọ́?

Ní 1994, ní ìlú Salamanca ní Sípéènì, àwọn aṣojú ìjọba 92 àti àjọ àgbáyé 25 fẹnu kò pé ilé ẹ̀kọ́ tí gbogbo ọmọ ń lọ ló yẹ kí ó gba akanda ẹ̀dá náà. Ní 2010, Nàìjíríà gba àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ akanda ẹ̀dá wọlé. Ní oṣù Kínní 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin tó ní kí a má ṣe ya akanda ẹ̀dá sọ́tọ̀. Òfin náà sọ pé gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ìjọba gbọ́dọ̀ gbà wọ́n, kí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan sì ní, ó kéré tán, òṣìṣẹ́ kan tó kọ́ṣẹ́ bí a ṣe ń bójú tó ẹ̀kọ́ wọn.

Òfin ti wà. Àmọ́ ẹ lè dé ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n rán yín sí, kí ẹ má bá òṣìṣẹ́ náà níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa dúró níwájú kíláàsì láàárọ̀ Mọ́ńdè.

Kí ló ń dí ọmọ lọ́nà?

Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ wa ń bi ara wa ni pé, "Kí ló ń ṣe ọmọ yìí?" Ìbéèrè tó wúlò fún olùkọ́ ni èyí: "Kí ló wà láàárín ọmọ yìí àti ẹ̀kọ́ mi?" Ìdáhùn sí ti àkọ́kọ́ lè gba dókítà. Ìdáhùn sí ìkejì, olùkọ́ lè rí i, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe lọ́jọ́ kan náà.

Ìlú Àwórì ni Ọ̀tà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ iléeṣẹ́ ti kó gbogbo èèyàn jọ síbẹ̀. Ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ Yewa, Ègùn, Ìgbò àti Haúsá lè jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Òbí tó ń ṣe ṣíífítì alẹ́ lè máa sùn lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ ń múra ilé ẹ̀kọ́. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá wà lẹ́bàá títì, ìró tírélà àti jẹnẹrétọ̀ ń bá olùkọ́ du etí àwọn ọmọ. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí sọ pé kí ọmọ 35 wà lọ́dọ̀ olùkọ́ kan ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bí ẹ bá bá jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀rí wà nílé wa pé bí a bá mú ìdènà kúrò, ọmọ tí a rò pé kò lè ṣe é yóò ṣe é. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A" ní Mọ́dákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì kọ́ wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Àwọn ọmọ náà kò kẹ́yìn àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Ní ọ̀pọ̀ iṣẹ́, wọ́n ṣe dáadáa jù wọ́n lọ. Ọgbọ́n orí àwọn ọmọ kọ́ ni wọ́n yí padà. Ọ̀nà ìkọ́ni ni.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́: ẹ wò wọ́n dáadáa

Kí ẹ tó gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ olùkọ́ kíláàsì, ẹ jókòó sẹ́yìn kí ẹ máa ṣọ́ àwọn ọmọ. Ohun tí ẹ máa wá nìyí:

- Ọmọ tó ń kọ ohun tó wà lórí bọ́ọ̀dù ní àkọtì, àmọ́ tó ń kọ ọ́ ré bí ẹ bá pè é fún un. Ẹ gbé e wá síwájú fún ọjọ́ méjì kí ẹ wo ìyàtọ̀.
- Ọmọ tó ń tẹjú mọ́ ẹnu olùkọ́, tó ń yí etí kan síwájú, tàbí tó ń dáhùn ohun tí ẹnìkan kò bi í. Bí etí rẹ̀ bá ń ṣọyún, ìwòsàn wà fún un; kí òbí mú un lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n má ro epo sí i.
- Ọmọ tó dákẹ́ nínú kíláàsì ṣùgbọ́n tí ẹnu rẹ̀ kì í dúró lórí pápá. Ó lè jẹ́ pé èdè ni.
- Ọmọ tó ń dìde ní gbogbo ìgbà. Ẹ fún un ní iṣẹ́ tó gba ìrìn: kó pín ìwé, kó nu bọ́ọ̀dù.

Ohun tí ẹ rí ni kí ẹ kọ sílẹ̀, ẹ má kọ orúkọ àìsàn. "Kò rí bọ́ọ̀dù láti ìlà kẹrin" wúlò fún olùkọ́, fún ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ àti fún òbí. "Olódo ni" kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ tí a bá pè ní olódo fún ọdún mẹ́ta yóò gbà pé òun ni lóòótọ́, láti ẹ̀yìn kíláàsì ni yóò sì ti bọ́ sí ojú títì lọ ta píọ̀ wọ́tà.

Nóòtì ìkọ́ni kan, ọ̀nà mẹ́ta

Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ kọ nóòtì mẹ́ta fún kíláàsì kan. Ẹ kọ ẹyọ kan, kí ẹ sì bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta: Ṣé ọmọ lè gbọ́ ọ? Ṣé ó lè rí i? Ṣé ó lè fọwọ́ ṣe é?

Ẹ jẹ́ ká mú ìdajì àti ìdá mẹ́rin ní kíláàsì kẹta, fún 40 ìṣẹ́jú. Ohun èlò wa ni ìwé ìròyìn àtijọ́ tí a gé dọ́gba, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ẹyọ kan.

Ìgbésẹ̀ kìíní, ìṣẹ́jú 5: Ẹ bi wọ́n bí èèyàn méjì ṣe lè pín búrẹ́dì kan láìjà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi èdè tó bá yá wọn lẹ́nu dáhùn.

Ìgbésẹ̀ kejì, ìṣẹ́jú 15: Ẹ gbé ìwé sókè, ẹ kọjú sí àwọn ọmọ, ẹ ká a sí méjì, ẹ pe orúkọ rẹ̀ ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo wọn á ká tiwọn. Ọmọ tí kò ríran dáadáa á fi ìka tọ ojú ìlà náà. Adití á rí ohun tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe. Ẹ tún un ká sí mẹ́rin.

Ìgbésẹ̀ kẹta, ìṣẹ́jú 10: Ní méjì-méjì, kí ọmọ kan ká ìwé, kí èkejì sọ iye tó jẹ́. Ẹ má sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹ bá kọjú sí bọ́ọ̀dù.

Ìgbéléwọ̀n, ìṣẹ́jú 10: Kí ọmọ fi ohun tó mọ̀ hàn bó ṣe lè ṣe é: kó kọ ọ́, kó sọ ọ́, tàbí kó ká ìwé. Ohun tí a ń wọ̀n ni ìdajì àti ìdá mẹ́rin, kì í ṣe bí ọwọ́ ìkọ̀wé ṣe dára tó.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí ọmọ kankan tí a yà sọ́tọ̀. Ìka ò dọ́gba, àmọ́ ọwọ́ kan náà ni gbogbo wọn wà. Bí súpáfáísọ̀ bá dé, ẹ jẹ́ kó bá a nínú nóòtì yín: "Ọmọ méjì wà níwájú nítorí bọ́ọ̀dù; ìdáhùn lẹ́nu ni a ó gbà lọ́wọ́ ẹnìkan."

Ibi tí agbára wa mọ

TP ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kò lè sọ wá di olùkọ́ èdè adití tàbí ti Bíréèlì. Bí ọmọ bá nílò ìwọ̀nyí, ìwé kíká kò lè rọ́pò wọn. Ẹ má díbọ́n pé ẹ ti ṣe é tán. Ẹ sọ fún olùkọ́ kíláàsì, kí ẹ jọ lọ bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, kí ẹ sì rán an létí pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé òfin 2019 fún ilé ẹ̀kọ́ lágbára láti béèrè fún òṣìṣẹ́. Ẹ má pe òbí jáde níwájú àwọn òbí yòókù. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́ alẹ́, ẹ béèrè àkókò tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Iṣẹ́ fún ẹgbẹ́ ìkẹ́kọ̀ọ́

1. Ẹ mú nóòtì ìkọ́ni kan tí ẹ ti kọ. Ibo ni ọmọ tí kò gbọ́rọ̀ dáadáa yóò ti sọnù nínú rẹ̀? Ẹ tún ibẹ̀ kọ.
2. Ẹ kọ ohun mẹ́ta tí ẹ lè sọ dípò "Ṣé o kò gbọ́ mi ni?"
3. Ilé ẹ̀kọ́ yín wà lẹ́bàá títì, ariwo sì pọ̀ láàárọ̀. Iṣẹ́ wo ni ẹ máa fi sí àkókò náà, èwo ni ẹ máa sún síwájú?

Kí ẹ ṣe ìkíní kí ẹ tó lọ. Ìdáhùn rẹ̀ ni kí ẹ fi ṣe nóòtì àkọ́kọ́ tí ẹ máa mú wọ kíláàsì.