ÌTỌ́JÚ IRIN INÚ MỌ́TÒ

Mọ́tò ni oko awakọ̀. Bí àgbẹ̀ ti ń ro oko rẹ̀ kí igbó má bàa bò ó, bẹ́ẹ̀ ni awakọ̀ ń tọ́jú mọ́tò rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ra mọ́tò lọ́wọ́ wa yóò wo inú rẹ̀ dáadáa. Bí inú rẹ̀ bá rí jákujàku, yóò já owó rẹ̀ lulẹ̀.

Kí ló ń họ irin inú mọ́tò?

Ìdì kọ́kọ́rọ́ tó ń mì síwá sẹ́yìn a máa họ ẹ̀gbẹ́ ihò kọ́kọ́rọ́. Òrùka a máa họ ọwọ́ ìlẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n eruku burú jù wọ́n lọ. Iyanrìn wẹ́wẹ́ wà nínú eruku. Bí a bá fi àkísà gbígbẹ nù ún, iyanrìn náà yóò máa ha irin.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó jẹ́

Ohun púpọ̀ nínú mọ́tò òde òní ló jọ irin, bẹ́ẹ̀ rọ́bà tí a kùn ni. Ẹ fi ọwọ́ kàn án ní òwúrọ̀: irin a máa tutù ju rọ́bà lọ. Bí òòfà bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin wà níbẹ̀. Òòfà kì í lẹ̀ mọ́ alumí tàbí rọ́bà.

Bó bá jẹ́ rọ́bà, ẹ má fi pólíìṣì irin kàn án. Ọ̀dà rẹ̀ yóò ṣí. Kíróòmù pàápàá fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ jìnnà. Alumí mìíràn sì ní awọ líle tí a fi iná mànàmáná ṣe sí i lára. Bí awọ yìí bá lọ, ojú ibẹ̀ yóò yàtọ̀, kò sì ní padà bọ̀ sípò.

Bí a ti ń ṣe é

1. Ẹ gbé mọ́tò sí ibòji. Ẹ pa á, kí ẹ sì ṣí ìlẹ̀kùn kí atẹ́gùn lè wọlé.

2. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ bọ omi ọṣẹ, ẹ fún un dáadáa, kí ẹ fi nù ún. Ẹ má da omi sí i, nítorí wáyà iná lè wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ nù ún gbẹ.

3. Ẹ fi èékánná wọ́ ọ kọjá lórí ìlà náà. Bí èékánná bá há sí i, ìlà náà ti jinlẹ̀. Ẹ gbé e lọ bá ẹni tó mọṣẹ́.

4. Bí kò bá há, ẹ lẹ tépù yí ibẹ̀ ká. Ẹ fi pólíìṣì irin díẹ̀, tí kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ, sí aṣọ. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò níbi tó fara pamọ́. Bí àwọ̀ ibẹ̀ bá yí padà, ẹ dáwọ́ dúró.

5. Bí kò bá yí padà, ẹ rọra fi gbo ìlà náà. Bí irin náà bá ní ìlà wẹ́wẹ́ láti ilé iṣẹ́, ẹ tẹ̀ lé ìlà yẹn. Ẹ má gbo ó yípo.

6. Ẹ fi aṣọ mìíràn tó mọ́ nù ún, kí ẹ sì ṣí tépù kúrò.

Ọ̀gá awakọ̀ àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n fi eérú gbo ó, bí ìyá mi ti ń gbo ìkòkò."

"Rárá o, ọmọ mi. Bí ìkòkò bá họ, ọbẹ̀ á ṣáà jinná. Bí o bá fi eérú gbo èyí, ìlà kan á di igba."

"Ẹsẹ̀ bíréékì náà ńkọ́, ọ̀gá? Ṣé kí n fi pólíìṣì dán an?"

"Má dán an wò! Yóò máa yọ̀. Bí ẹsẹ̀ mi bá yọ̀ kúrò lórí bíréékì níwájú ọmọ ilé ìwé, kí ni dídán máa ṣe fún wa? Omi ọṣẹ nìkan ni o fi nù ún, kí o sì jẹ́ kó gbẹ."

Ìbéèrè

1. Kí ló dé tí àkísà gbígbẹ kò fi dára fún eruku?
2. Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé ìlà kan ti jinlẹ̀?
3. Kí ni ọ̀gá ní kí ọmọ iṣẹ́ fi nu ẹsẹ̀ bíréékì? Kí nìdí rẹ̀?