Ṣé Ìgbàgbọ́ Mi Ni Kò Tó?

Ìbéèrè: Ọmọkùnrin mi pé ọdún mẹ́sàn-án lóṣù tó kọjá. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ló ń bá a fínra láti kékeré. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n ń jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa: arọ rìn, àgàn bí ìbejì. Mo máa ń bá wọn pàtẹ́wọ́, mo máa ń bá wọn jó. Ṣùgbọ́n tí mo bá délé, tí eegun bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọmọ, tó ń kérora, ọkàn mi a dàrú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, màmá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún nínú ẹgbẹ́ obìnrin pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní tí ìgbàgbọ́ mi bá tó nǹkan ni, mi ò ní máa fún ọmọ lóògùn mọ́. Mo ti ka ìtàn obìnrin onísun ẹ̀jẹ̀ títí mo fi mọ̀ ọ́n sórí. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ìgbàgbọ́ mi ni kò tó? Kí ni ìtàn iṣẹ́ ìyanu wà fún fún irú èmi yìí? (Ìyá ọmọ, Òṣogbo)

Ìdáhùn: Ìyá ọmọ, ẹ kú ìtọ́jú, ẹ kú àìsùn. Olúwa á dá a sí fún yín.

Kí n tó ṣí Bíbélì rárá: ẹ má dá oògùn ọmọ náà dúró. Fólíìkì tó ń lò lójoojúmọ́, oògùn tí kì í jẹ́ kí ibà kọ lù ú, omi tó ń mu dáadáa, aṣọ òtútù, ọjọ́ tí dókítà ní kí ẹ gbé e wá, ẹ má fi ọ̀kan ṣeré nínú wọn. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń wàásù, mo sì gbà tọkàntọkàn pé Ọlọ́run ń woni sàn. Ẹnu kan náà ni mo fi ń sọ méjèèjì.

Ìtàn tí ẹ mọ̀ sórí yẹn, ẹ jẹ́ ká jọ padà sí i nínú Máàkù orí 5. Kò dá dúró níbẹ̀. Inú ìtàn mìíràn ni Máàkù ki í bọ̀. Jáírù, olórí sínágọ́gù, ló wá wólẹ̀ lẹ́sẹ̀ Jésù pé ọmọbìnrin òun ń kú lọ. Ojú ọ̀nà ilé rẹ̀ ni wọ́n wà tí obìnrin náà fi gba ẹ̀yìn fọwọ́ kan aṣọ Jésù. Ọdún méjìlá ni ẹ̀jẹ̀ ti ń dà lára obìnrin yìí. Ọmọ ọdún méjìlá ni ọmọ Jáírù. Ìgbà tí wọ́n ń kí Jáírù kú ewu ọmọ ni wàhálà obìnrin yẹn bẹ̀rẹ̀. Máàkù fẹ́ ká ka àwọn méjèèjì pọ̀ ni.

Obìnrin náà nígbàgbọ́ lóòótọ́, Jésù sì yìn ín lójú gbogbo èrò. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń pa ìwé dé. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni wọ́n dé láti ilé Jáírù pé ọmọ ti kú. Ìgbàgbọ́ wo ni òkú fẹ́ mú wá? Bàbá rẹ̀ ni Jésù ní kó má bẹ̀rù, kó sáà gbàgbọ́, Máàkù kò sì kọ ọ́ síbì kankan pé Jáírù fèsì. Ó jọ pé ẹsẹ̀ nìkan ló ń gbé tẹ̀ lé Jésù lọ sílé. Ìyá ọmọ, bí ẹ ṣe ń dìde lóru tí ẹ ń lọ tan iná, tí ẹ ń gbọ̀n tí ẹ sì ń gbàdúrà, ìgbàgbọ́ Jáírù nìyẹn. Kò kéré lójú Jésù.

Ẹ tún wo orí 2. Ọkùnrin arọ kò sọ nǹkan kan. Ìgbàgbọ́ àwọn tó gbé e wá, àwọn tó dá òrùlé lu, ni Jésù rí. Ní orí 9, bàbá ọmọ tí ẹ̀mí ń gbé ṣánlẹ̀ sọ pé òun gbàgbọ́, kò tíì mí tó fi ń bẹ̀bẹ̀ ìrànlọ́wọ́ nítorí àìgbàgbọ́ rẹ̀. Jésù wo ọmọ náà sàn. Ọkùnrin tó ti ṣàìsàn fún ọdún méjìdínlógójì létí adágún Bẹ́tẹ́sídà, nínú Jòhánù orí 5, kò tilẹ̀ mọ orúkọ ẹni tó wò ó sàn. Bó bá jẹ́ pé owó ni ìgbàgbọ́, tí a fi ń ra ìwòsàn, kọ́bọ̀ kò sí lápò ọkùnrin yẹn.

Àwọn tí kò rí ìwòsàn ńkọ́? Ní Éfésù, aṣọ ìnujú tó kan ara Pọ́ọ̀lù ni wọ́n ń mú lọ fún aláìsàn. Pọ́ọ̀lù yìí kan náà ló fi Tírófímù, ọmọ Éfésù, sílẹ̀ ní Mílétù nínú àìsàn. Ó ní kí Tímótì máa lo wáìnì díẹ̀ nítorí inú rẹ̀ àti àìlera tó ń ṣe é lemọ́lemọ́. Ẹ̀gún tara rẹ̀ pàápàá, ẹ̀ẹ̀mẹta ló bẹ Olúwa, kò kúrò. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 12, idà Hẹ́rọ́dù pa Jákọ́bù, ańgẹ́lì sì mú Pétérù jáde lẹ́wọ̀n. Ta ló máa dìde sọ pé ìgbàgbọ́ Jákọ́bù ni kò tó?

Kí wá ni ìtàn iṣẹ́ ìyanu wà fún? Jòhánù kì í pe ohun tí Jésù ṣe ní iṣẹ́ ìyanu lásán. Iṣẹ́ àmì ni Bíbélì Yorùbá wa pè é níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi àrokò ránṣẹ́ sí nílẹ̀ wa láyé àtijọ́ kì í jókòó ti owó ẹyọ inú rẹ̀ bí ẹni tó rówó ọjà. Ó ń wá ohun tí ẹni tó rán an ń sọ. Ohun tí mo gbọ́ nínú àrokò yìí ni pé Ọlọ́run kò sí lẹ́yìn ìrora ọmọ yín, ọ̀dọ̀ ọmọ náà ló wà. Nígbà tí wọ́n bi Jésù bóyá ọkùnrin tí a bí ní afọ́jú ló ṣẹ̀ ni àbí àwọn òbí rẹ̀, ó ní kì í ṣe èyíkéyìí. Mo mọ̀ pé ìyá ọmọ tó ní àrùn yìí máa ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi nítorí ẹ̀jẹ̀ tó fún ọmọ. Ẹ gbé ẹrù yẹn sílẹ̀.

Ẹ má bínú sí màmá inú ẹgbẹ́ obìnrin yẹn. Ọ̀rọ̀ wọn ní gbòǹgbò. Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn influenza ọdún 1918, tí kò sí oògùn tó ń wò ó, àdúrà ni ẹgbẹ́ àdúrà tí wọ́n ń pè ní Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ní Ìjẹ̀bú-Òde gbá mú. Ẹ̀kọ́ ìjọ Faith Tabernacle tó ti Philadelphia ní Amẹ́ríkà wá tún fi kún un pé kí Kristẹni má lo oògùn rárá. Lẹ́yìn ìsọjí Òkè-Oòyè ní Iléṣà ní 1930, kuníìnì, oògùn ibà tí àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó ń lò, wà lára ohun tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn àti àwọn bàbá wa Aládùúrà. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn bàbá yẹn, mi ò sì kọ̀ pé Ọlọ́run gbọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ní ti oògùn, mi ò lè tẹ̀ lé wọn, nítorí ohun tí mo rí ní òpin ìtàn Jáírù.

Ọmọ dìde tán. Jésù ní kí wọ́n fún un lóúnjẹ. Ẹni tó jí òkú kò lè fi oúnjẹ sínú ọmọ ni? Ó fi ìyẹn sílẹ̀ fún ìyá àti bàbá. Ní Kánà, níbi tí Jésù ti sọ omi di wáìnì, ìránṣẹ́ ló pọn omi kún ìkòkò òkúta mẹ́fà. Ní ibojì Lásárù tí Jésù jí dìde, ènìyàn ló gbé òkúta kúrò, ènìyàn ló tú aṣọ òkú lára rẹ̀.

Mo rántí òru kan ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé. Ìyá kan ń ki aṣọ sínú omi gbígbóná, ó ń fún un, ó ń fi tẹ orúnkún ọmọ rẹ̀, ó ń kọrin lábẹ́ ahọ́n. Lẹ́yìn náà ó gbé ife sí ọmọ lẹ́nu: "Mu díẹ̀ sí i, ọkọ mi." Àdúrà tí mo wá gbà kò jáde lẹ́nu mi mọ́. Ó dá mi lójú pé Olúwa ti wà níbẹ̀ kí n tó dé.

Tí wọ́n bá tún pe ìjẹ́rìí lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ jáde. Ẹ sọ fún wọn pé ọmọ yín pé ọdún mẹ́sàn-án. Kí wọ́n bá yín jó. Kí ẹ sì fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, kí n máa dá a pè nínú àdúrà ìdájí.