Ẹ Má Fún Òròmọdìẹ Nídìí Nítorí Akọ Tàbí Abo

Ìkìlọ̀ yìí kan gbogbo ẹni tó ń sàba ẹyin nílé ní Ìfọ̀nyìn, tí ìwé ìjọba Benin ń pè ní Ifangni, láti Bánígbé títí dé Ìgólò létí bodè. Bí òròmọdìẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú èèpo, ẹ má dojú rẹ̀ kọlẹ̀, ẹ má fi àtàǹpàkò fún ìdí rẹ̀ láti wò ó bóyá akọ ni tàbí abo. Fídíò tó ń kọ́ni ní àṣà yìí ti gba orí fóònù àwọn ọ̀dọ́ wa kan. Ẹni inú fídíò á gbé òròmọ kan, á fún un, á ní "akọ", á gbé e sí apá kan; á gbé òmíràn, "abo". Kò gba ìṣẹ́jú kan. Ohun tí wọn kì í fi hàn ni iye ọdún tí ọwọ́ yẹn fi kọ́ṣẹ́, àti iye òròmọ tó kú mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà tó ń kọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó wà nínú ikùn òròmọ ọjọ́ kan. Ọjọ́ 21 ni ẹyin adìẹ ń lò kí ó tó di ọmọ. Nígbà tó bá ku ọjọ́ kan tàbí méjì kí ó jáde, òròmọ á fa ìyókù pupa ẹyin gba ojú ìdodo wọ inú ara rẹ̀. Oúnjẹ tó gbé wá sáyé nìyẹn, ó sì lè gbé e ró fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kó tó fẹnu kan nǹkan. Awọ tó bo àpò pupa ẹyin náà fẹ́lẹ́ gan-an, ìdodo tó sì gbà wọlé kò tíì jiná. Ìka ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ lè bẹ́ àpò yẹn sínú. Pupa ẹyin tó bá dà sínú ikùn á jẹrà, òròmọ á dákẹ́ sí igun kan, kò ní jẹ, kò ní mu, á sì kú. Ìfun òmíràn á yọ síta, àwọn tí wọ́n jọ jáde lọ́jọ́ kan náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá a jẹ, nítorí pé ohun pupa kì í wu adìẹ kó fi í sílẹ̀. Ọwọ́ kan náà la fi ń gbé ti àkọ́kọ́ àti ti ìkejìlá, bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò inú ìgbẹ́ ọ̀kan ṣe ń dé ara gbogbo wọn. Salmonella wà nínú irú kòkòrò bẹ́ẹ̀, inú ènìyàn náà ló sì ń dà rú. Ọmọ tó ń bá ìyá rẹ̀ ṣe é lẹ́yìnkùlé lè tún fi ọwọ́ yẹn mú àkàrà.

Iṣẹ́ gidi ni iṣẹ́ yìí níbi tó ti ṣẹ̀ wá. Àwọn onímọ̀ ará Japan, Kiyoshi Masui àti Juro Hashimoto, ló fi í han ayé ní àpérò àgbáyé lórí adìẹ tó wáyé ní Ottawa, ní Kánádà, lọ́dún 1927. Ohun tí wọ́n ń wá ni kókó bíńtín kan tó wà nínú ihò ìdí akọ. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àwọn abo kan náà ní irú rẹ̀, àwọn akọ kan sì wà tí tiwọn kéré débi pé ojú lásán ò lè dá a mọ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún òròmọ ló ń kọjá lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kí ojú rẹ̀ tó là sí i. Ọ̀gá nínú wọn lè yẹ ju 800 wò ní wákàtí kan, kó má sì ṣi ju méjì lọ nínú ọgọ́rùn-ún. Ilé ìsàba ńlá ló rí owó san fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, torí pé abo nìkan ni wọ́n fẹ́ fún ẹyin títà. Ẹni tó ní òròmọ méjìlá lábẹ́ àgbébọ̀ kan kò ní ohun tó fẹ́ fi ìkánjú yẹn ṣe.

Àwọn mìíràn tilẹ̀ ti ń wá akọ àti abo látinú ẹyin. Wọ́n á so òrùka mọ́ òwú, wọ́n á nà án sókè ẹyin, wọ́n á ní tó bá ń yí po, abo ni, tó bá ń lọ tó ń bọ̀, akọ ni. Àwọn kan ní ẹyin ṣóńṣó ni akọ, ẹyin róbótó ni abo. Ọ̀rọ̀ yẹn kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ó lé ní 2,300 ọdún tí Aristotle ará Gíríìsì ti kọ ọ́ pé ẹyin gígùn tó ṣóńṣó ló ń di abo. Nígbà tó yá, Columella ará Róòmù kọ tirẹ̀ pé akọ ló ń jáde nínú rẹ̀. Kò sí èyí tó jàre nínú àwọn méjèèjì. Lára adìẹ, ìyá ló ń pinnu. Èròjà ìran tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Z, méjì ló wà lára àkùkọ. Àgbébọ̀ ní Z kan àti W kan. Ẹyin tí ìyá bá fi W sí di abo, èyí tó bá fi Z sí di akọ, ọ̀rọ̀ náà sì ti tán kí èèpo tó bo ẹyin rárá. Ìdajì sí ìdajì ló máa ń jẹ́ bí òròmọ bá pọ̀.

Nítorí náà, ẹni tó ra ẹ̀rọ ìsàba kékeré, tó wá ń dín ooru rẹ̀ kù tàbí tó ń fi kún un nítorí pé ó ń wá abo, ọmọ inú ẹyin ló ń pa. Ooru ló ń pinnu akọ tàbí abo lára ọ̀nì àti ìjàpá òkun. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ lára adìẹ. Ẹ fi í sí ìwọ̀n 37.5 sí 37.8 lórí òdiwọ̀n Celsius, kí ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Iná tí a fi ń yẹ ẹyin wò lọ́jọ́ keje ń sọ bóyá ọmọ wà nínú rẹ̀ ni, kò sọ irú ọmọ tó jẹ́. Lóòótọ́, ẹ̀rọ wà ní Yúróòpù tó ń mọ akọ àti abo látinú ẹyin, pàápàá ní Jámánì, níbi tí òfin ti kà á léèwọ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2022 pé kí ilé ìsàba máa pa òròmọ akọ dànù. Ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ ńlá ni, kì í ṣe ohun tí à ń gbé sórí tábìlì nílé.

Àwọ̀ ni ohun kan tó lè sọ òótọ́ fún onílé lọ́jọ́ kìíní, májẹ̀mú sì wà níbẹ̀. Z kan ṣoṣo tó wà lára ìyá, àwọn ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ akọ nìkan ló ń gbà á. Àwọ̀ tó bá wà lórí Z yẹn, àwọn akọ ló ń jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá. Bí àkùkọ Rhode Island Red, tó pupa látòkè délẹ̀, bá gun abo Barred Plymouth Rock, tó ní ilà dúdú àti funfun yíká ara, dúdú ni gbogbo ọmọ wọn yóò jẹ́. Èyí tó ní àmì funfun ní àtàrí ni akọ, èyí tí àtàrí rẹ̀ dúdú ni abo. Irú àdàlù yìí ni Nera tí àwọn ọlọ́sìn Nàìjíríà mọ̀ dáadáa. Ti Isa Brown tún hàn jù bẹ́ẹ̀ lọ: òròmọ abo pupa rúsúrúsú bí ilẹ̀ Ìfọ̀nyìn, akọ funfun tó fẹ́ pọ́n díẹ̀.

Májẹ̀mú rẹ̀ ni pé bàbá àti ìyá gbọ́dọ̀ wà ní ipò wọn. Bí àkùkọ bá jẹ́ onílà, tí abo jẹ́ pupa, akọ àti abo á gba àmì náà, wọ́n á sì jọra. Bí ẹ bá sì mú akọ àti abo Isa Brown kí wọ́n gun ara wọn, ẹ kò ní lè gbára lé àwọ̀ àwọn ọmọ wọn mọ́. Adìẹ ìbílẹ̀ wa ńkọ́? Òpìpì, aṣá, èyí tí ọrùn rẹ̀ pá, èyí tó dúdú, èyí tó rí kàlákìní, gbogbo wọn ló ti ń gun ara wọn láti ìran dé ìran. Ẹni tó bá wo àwọ̀ òròmọ wọn tó ní òun mọ abo, ó ń méfò ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn tó ń na apá òròmọ láti wo ìyẹ́. Ní ilé ìsàba ńlá, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yan bàbá àti ìyá kí ìyẹ́ abo lè tètè gùn ju ti akọ lọ, ọjọ́ kìíní tàbí ìkejì sì ni wọ́n ń wò ó. Kò sí ẹni tó ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀ fún adìẹ tó ń rìn kiri nínú agbo ilé wa.

Ibi tí owó ti ń bọ́ jù ni ọjà. Òròmọ akọ lára irú adìẹ tó ń yé ẹyin kò wọ́n tó abo rárá, èyí ló jẹ́ kí àwọn kan máa kó akọ sínú páálí wá sí ọjà ẹ̀bá bodè, kí wọ́n sì máa wí pé: "Ìyá mi, abo ni gbogbo wọn, ẹyin lẹ ó máa kó." Ẹ bi wọ́n pé irú wo ni, ilé ìsàba wo ló ti wá, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Bí wọ́n bá ní Isa Brown ni, tí gbogbo inú páálí sì funfun, akọ lẹ fẹ́ rà yẹn. Bí wọ́n bá ní adìẹ funfun lásán ni, àwọ̀ ò sọ nǹkan kan, torí pé òròmọ wọn, akọ àti abo, jọra. Mo tún bẹ̀ yín, ẹ má kó òròmọ ọjà pọ̀ mọ́ ti ilé lọ́jọ́ kan náà. Àrùn adìẹ H5N1 wọ Nàìjíríà ní 2006, kí 2007 tó parí ó ti dé Benin. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ sì fún wọn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn Newcastle, èyí tó máa ń gbá agbo adìẹ lọ nígbà ọyẹ́.

Ẹni tó bá lè ní sùúrù, òròmọ fúnra rẹ̀ á sọ. Láti ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkẹfà, ogbe akọ á bẹ̀rẹ̀ sí í ga, á máa pọ́n, ẹsẹ̀ rẹ̀ á nípọn ju ti abo lọ. Ẹ fi àwọn tó jáde lọ́jọ́ kan náà wé ara wọn, kí ẹ má fi ọmọ oṣù kan wé ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kí ẹ má tíì ta èyíkéyìí nígbà yẹn, torí abo kan wà tí ogbe rẹ̀ máa ń tètè yọ. Ọ̀sẹ̀ kẹwàá sí ìkejìlá ni ó dájú: ìyẹ́ ọrùn àti ti ìbàdí akọ á ṣóńṣó lẹ́nu, á máa dán, ti abo á rí róbótó. Lára aṣá, tí ìyẹ́ rẹ̀ ká sókè, ẹ gbára lé ogbe. Ẹ so òwú aláwọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ èyí tí ẹ bá ti dá mọ̀, kí ẹ sì máa tú u dẹ̀ bó ṣe ń dàgbà.

Ẹni tó ń fẹ́ abo mẹ́wàá ní láti gbèrò oúnjẹ ogún òròmọ. Àwọn akọ kì í ṣe òfò. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ fún abo mẹ́jọ sí mẹ́wàá, kí ẹ fi í pààrọ̀ ti ẹlòmíràn kó má jẹ́ pé ọmọ ìyá ló ń gun ara wọn, kí ẹ sì tọ́jú ìyókù de Kérésì tàbí ìnáwó. Ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí jinlẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ Songhaï, tí Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985, wà ní Àjàṣẹ́, ní Benin níbí. Bí ẹ bá sì ń sin awó pẹ̀lú adìẹ, etí lẹ ó fi dá akọ àti abo wọn mọ̀: láti bí oṣù méjì, abo á máa ké ohùn méjì tẹ̀ léra wọn, akọ kì í ké ju ẹyọ kan lọ.

Bí ẹnì kan bá sì ti fún tirẹ̀ kí ìkìlọ̀ yìí tó dé etí rẹ̀, kó fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, kó má fọwọ́ kàn wọ́n mọ́ láìnídìí. Kó yọ èyí tí ikùn rẹ̀ wú, tí ìdodo rẹ̀ tutù tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń bọ̀ nídìí rẹ̀, kó fi í sínú páálí ọ̀tọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó sì gbé omi mímọ́ sí i. Bí ìfun bá ti yọ síta, kó má ti í padà fúnra rẹ̀. Kó pe dókítà ẹran ọ̀sìn, kó sì sọ fún un láìfi bò pé òun fún wọn nídìí, torí pé ìdodo tó ń jẹrà nítorí ẹ̀rọ ìsàba tó dọ̀tí jọ ọ́ gan-an, dókítà sì lè máa wá àrùn nínú ẹ̀rọ nígbà tó jẹ́ ọwọ́ ló fà á.