Orí Keje: Kọ́kọ́rọ́ Inú Ìfun

Kòkòrò kan wà tó máa ń lu èso ẹ̀wà tútù lóko. Ọmọ àfòpiná ni. Á wọnú èso, á máa jẹ hóró níbi tí oògùn tí a fín kò ti ní tètè bá a.

Iṣan tó ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ kiri ara ni oògùn kòkòrò bí ọta-pia-pia máa ń bà jẹ́. Kòkòrò ní iṣan yìí, àwa náà sì ní in. Ní 2015, àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù dáwọ́ ríra ẹ̀wà gbígbẹ Nàìjíríà dúró nítorí irú oògùn bẹ́ẹ̀. Ó dùn mí gan-an, nítorí àwọn ọmọ wa ń jẹ ẹ̀wà lójoojúmọ́.

Ṣùgbọ́n a lè gba ìfun kòkòrò mú un. Bakitéríà kan wà tí ń jẹ́ Bt. Ishiwata, ará Japan, rí i ní 1901 lára àwọn kòkòrò sílíkì tó ń kú. Bt máa ń ṣe purotéènì kan tó dì bíi hóró iyọ̀.

Omi inú ikùn wa kan bí ọsàn wẹ́wẹ́. Ti inú ìfun ọmọ àfòpiná dà bí omi eérú tí a fi ń se ọṣẹ dúdú. Inú irú omi bẹ́ẹ̀ ni hóró purotéènì náà ti ń yọ́. Èròjà tí ń da oúnjẹ kòkòrò á gé díẹ̀ kúrò lára rẹ̀, ó di kọ́kọ́rọ́.

Sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n tò di ògiri ìfun, bí ẹní to búlọ́ọ̀kù. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ní awọ fẹ́lẹ́, ara awọ yìí sì ni ojú kọ́kọ́rọ́ wà. Nígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá bá ojú rẹ̀ pàdé, òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á so pọ̀, wọ́n á dá awọ lu. Omi á ya wọlé, sẹ́ẹ̀lì á wú, á bẹ́. Kòkòrò ò ní lè jẹun mọ́; láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó kú. Ìfun tiwa kò ní ojú kọ́kọ́rọ́ yìí.

Ní 2019, Nàìjíríà fọwọ́ sí SAMPEA 20-T, ẹ̀wà tí àwọn onímọ̀ ní Zaria ṣe, tó ń pèsè purotéènì yìí fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ fetí sílẹ̀: purotéènì yìí kì í pa kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀wà nínú àpò. Fún ìyẹn, ẹ sá ẹ̀wà gbẹ dáadáa, kí ẹ dé e pa sínú kẹ́ẹ̀gì tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀.

Kòkòrò tó ń lu èso ẹ̀wà lóko náà lè pààrọ̀ ojú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ní Hawaii, àfòpiná tí ń jẹ kábéèjì ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ìròyìn pé Bt kò fi bẹ́ẹ̀ pa á mọ́ jáde ní 1990. Nítorí náà ló ṣe yẹ kí a gbin ẹ̀wà lásán díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Bt, kí àwọn tí ojú kọ́kọ́rọ́ wọn kò tíì yí padà lè máa gùn pẹ̀lú àwọn yòókù, kí àwọn ọmọ wọn lè ṣì ní ojú kọ́kọ́rọ́ náà.