Ìyọfẹ́fẹ́ Nínú Ìjánu Alùpùpù: Àyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Méjì

Ohun èlò ẹṣin ni ìjánu láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Irin tí a ń kì bọ ẹṣin lẹ́nu ni, okùn sì wà lára rẹ̀ tí ẹni tí ó gùn ún fi ń dá a dúró. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ àti alùpùpù dé, ọ̀rọ̀ náà kúrò lẹ́nu ẹṣin, ó bọ́ sára ẹ̀rọ, ìtumọ̀ kò sì dàrú, nítorí pé iṣẹ́ kan náà ni. Lóòótọ́, bíréèkì ni ó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu àwọn mẹkáníìkì, ṣùgbọ́n kò sí ìjà láàárín òun àti ìjánu. Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ nígbà tí olùtúmọ̀ bá kọjá orúkọ ohun èlò, tí ó dé orí iṣẹ́ tí a ń ṣe sí i.

Ìjánu tí a ní lọ́kàn níhìn-ín ni èyí tí ó ń lo ohun ṣíṣàn. Ife kékeré kan wà lẹ́bàá ọwọ́-ìjánu tí ohun ṣíṣàn náà wà nínú rẹ̀. Bí ẹni tí ó gun alùpùpù bá fún ọwọ́-ìjánu, agbára ọwọ́ rẹ̀ yóò gba inú rọ́bà tóóró dé ìdí táyà, níbi tí kálípà wà. A lè pe kálípà yìí ní ẹ̀mú, bí irin tí alágbẹ̀dẹ fi ń di irin gbígbóná mú, nítorí pé ńṣe ni ó ń fi pádì méjì di àwo irin tí ó ń bá táyà yí mú. Blaise Pascal, onímọ̀ ará Faransé tí ó gbé ayé láti 1623 sí 1662, ni ó ṣàlàyé òfin tí èyí dúró lé: agbára tí a bá fi tẹ ohun ṣíṣàn tí a sé mọ́ ibì kan yóò dé ibi gbogbo nínú rẹ̀ láìdínkù. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ a máa fún pọ̀. Bí ó bá wọ inú rọ́bà náà, agbára ọwọ́ yóò tán sórí fífún un pọ̀, pádì kò sì ní mú àwo dáadáa.

Ọ̀rọ̀ tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún yíyọ afẹ́fẹ́ yìí kúrò ni èyí tí wọ́n ń lò fún kí ẹ̀jẹ̀ máa jáde lára. Àwọn oníṣègùn Yúróòpù ìgbà àtijọ́ a máa fa ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé àìsàn yóò bá a jáde, nítorí náà àfiwé náà kò ṣòro fún wọn. Bí olùtúmọ̀ bá wá kọ ọ́ pé kí a fa ẹ̀jẹ̀ ìjánu, kí ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbọ́? Yóò gbọ́ pé ohun ṣíṣàn náà gan-an ni a fẹ́ kí ó jáde. Yóò tú bóòtù, yóò jẹ́ kí ó máa ṣàn títí ife yóò fi gbẹ. Ibi tí ife ti gbẹ sì ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ìjánu tí ó kàn rọ̀ díẹ̀ ní àárọ̀ yóò wá di èyí tí kò mú rárá. Ìyọfẹ́fẹ́ ni ó yẹ kí a kọ. Bí fọ aṣọ ṣe di ìfọṣọ ni yọ afẹ́fẹ́ ṣe di ìyọfẹ́fẹ́, ẹni tí ó bá sì gbọ́ ọ ti mọ ohun tí a ń lé jáde.

Orúkọ ohun ṣíṣàn náà le ju èyí lọ. Bíréèkì ọ́ìlì ni wọ́n ń pè é nínú ọ̀pọ̀ ìsọ̀, àwọn olùtúmọ̀ a sì tètè sọ ọ́ di òróró ìjánu. Ṣùgbọ́n èyí tí ó wọ́pọ̀ jù, tí a kọ DOT 3 tàbí DOT 4 sí lára, kì í ṣe òróró. Kẹ́míkà ìdílé glycol ni. Ẹni tí ó bá gbà pé òróró ni lè bu epo ẹ́ńjìnnì sí i, àwọn rọ́bà tí ó ń dá a dúró nínú yóò wú, wọn yóò sì bàjẹ́. Bí a bá tún pè é ní omi ìjánu, a ti fi ọ̀tá rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ, nítorí pé ó máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. DOT 4 tuntun kò gbọdọ̀ hó kí ooru rẹ̀ tó dé ìwọ̀n 230 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí omi bá ti wọ inú rẹ̀ dé ìwọ̀n tí òfin fi ń dán an wò, 155 ni ààlà rẹ̀. Níbi tí ènìyàn bá ti ń tẹ ìjánu lemọ́lemọ́ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ooru lè mú un hó, oruku rẹ̀ a sì ṣe bí afẹ́fẹ́. Oje ni ọ̀rọ̀ tí kò gbé ewu kankan nínú méjèèjì dání. Oje igi kì í ṣe epo, kì í sì í ṣe omi. Ẹnìkan lè ní oje a máa lẹ̀, èyí kì í lẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àṣìṣe yẹn kò ní mú ẹnikẹ́ni bu ohun tí kò yẹ sínú ife.

Ní ti àyẹ̀wò, èdè ti ní ohun tí ó nílò. Bí ọwọ́-ìjánu bá rọ̀ bí tìmùtìmù, tí ó sì ń le díẹ̀ bí a ti ń fún un léraléra, afẹ́fẹ́ ni a ó kọ́kọ́ fura sí. Bí ó bá ń rì díẹ̀díẹ̀ nígbà tí a fún un mú, oje ń jò níbì kan, tàbí kí rọ́bà inú ti jẹ. Bí ó bá le ṣùgbọ́n tí alùpùpù kò dúró, kí a wo pádì bóyá ó ti jẹ tán tàbí epo ti kàn án. Bí ó bá há, táyà kò ní yí fàlàlà. Rọ̀, rì, le, há: ọ̀rọ̀ wọ̀nyí tó láti kọ́ni láìyá ẹyọ kan.

Àpẹẹrẹ ìlànà tí a fi ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kọ nìyí. Ẹni tí ó fẹ́ ṣe ìyọfẹ́fẹ́ nílé yóò gbé alùpùpù dúró kí ife lè tẹ́jú, yóò fi aṣọ bo tánkì nítorí pé oje a máa bó ọ̀dà. Yóò nu ọmọrí ife kí ó tó ṣí i, yóò sì bu oje tuntun sí i láti inú agolo tí a kò tíì ṣí rí. Irú tí a kọ sára ọmọrí náà ni yóò lò. Yóò ki rọ́bà tí ó mọ́ gaara bọ bóòtù oníhò tí ó wà lára ẹ̀mú, yóò ti ẹnu kejì rẹ̀ bọ ìgò tí oje díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Yóò fún ọwọ́-ìjánu, yóò dì í mú, yóò sì fi sípánà tú bóòtù díẹ̀: oje àti ìfóòfó yóò jáde. Yóò dé bóòtù padà *kí ó tó* tú ọwọ́-ìjánu sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí ni kí olùkọ́ tẹnu mọ́ jù, nítorí pé bí a bá kọ́kọ́ tú ọwọ́ sílẹ̀, afẹ́fẹ́ lè padà wọlé láti ìdí bóòtù. Yóò máa ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra, yóò máa bu oje sí ife kí ó má baà gbẹ, títí ìfóòfó kò fi ní jáde mọ́ tí ọwọ́-ìjánu yóò sì le. Oje tí ó ti wà nínú ìgò kò gbọdọ̀ padà sínú ife. Lẹ́yìn tí ó bá ti fún bóòtù tí ó sì ti dé ife, yóò kọ́kọ́ dán ìjánu wò lójú kan, lẹ́yìn náà ni yóò rọra gùn ún níbi tí kò sí ọkọ̀.

Ìjánu olóje nìkan ni ìlànà yìí wà fún. Ọ̀pọ̀ alùpùpù ni ọ̀pá irin ń fa ìjánu ẹ̀yìn wọn. Níbẹ̀, nọ́ọ̀tì ìdí ọ̀pá ni a ń fún bí ìjánu bá dẹ̀, bí kò bá sì sí ibi tí nọ́ọ̀tì lè dé mọ́, ó ti di pípààrọ̀ ṣúù nìyẹn.